Mítà Mẹ́rin Péré

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ṣan ẹsẹ̀ níbi ẹ̀rọ omi, èmi sì wà nínú kọ̀ńténà tí a fi ṣe ọ́fíìsì, mò ń ka iye kọnkéré tí wọ́n dà lọ́sẹ̀ náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó ń ṣojú oníṣẹ́, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ni owó tó sì ni gáàsì, yọjú sí mi. Kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní àwọn tí yóò máa lo ibẹ̀ lẹ́yìn wa ti wá wò ó, wọ́n sì ní pọ́ńpù kan sún mọ́ ògiri jù, kò ní sí àyè láti tú u lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́. "Ẹ bá wa sún un díẹ̀. Mítà mẹ́rin péré ni. Ìwé rẹ̀ á tẹ̀ lé e."

Mo ní, "Ó ti yé mi, sà." Mo jáde lọ bá alàgbà tó gba iṣẹ́ ìpìlẹ̀ àti irin lọ́wọ́ wa. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ó ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ká sún pọ́ńpù yẹn. Ìwé rẹ̀ ń bọ̀." Ó wò mí, ó wo ibi tí pọ́ńpù wà, ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Tó bá ti ẹnu yín jáde, ó tó."

Ìwé náà kò dé títí dòní.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ilé iṣẹ́ epo àti gáàsì. N kì í ya àwòrán, n kì í jó irin. Tèmi ni kí n mọ iye tí a sọ pé a ó ná, iye tí a ti ná, àti iye tí a ṣì máa ná kí iṣẹ́ tó parí. Ẹ̀kẹta yẹn ló ṣòro, torí pé ojú ò rí i. Ọdún tí a sún pọ́ńpù yẹn, n kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, mo sì gbà pé tí mo bá ti mọ méjì àkọ́kọ́, mo ti mọ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ lé mítà mẹ́rin yẹn dé ibi tó dé.

Orí ìpìlẹ̀ kọnkéré ni pọ́ńpù máa ń jókòó. Èyí tí a dà fún un ti gan, a ní láti fọ́ ọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ sì jẹ́ àbàtà, nítorí náà òpó irin gígùn ni a kàn mọ́ ilẹ̀ lábẹ́ ìpìlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó má baà rì. Ibi tuntun tí wọ́n fẹ́ kò ní òpó kankan lábẹ́. Ẹ̀rọ tó ń kan òpó ti bá ọkọ̀ ojú omi padà lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. A tún lọ háyà rẹ̀, a sì tún san owó ọkọ̀ ní àlọ àti àbọ̀. Páìpù tó wọnú pọ́ńpù gùn sí i, ó sì ní ìtẹ̀ méjì tí kò ní tẹ́lẹ̀. Ìtẹ̀ máa ń dín agbára tí epo fi ń ṣàn wọnú pọ́ńpù kù, pọ́ńpù tí epo kò bá sì wọnú rẹ̀ dáadáa á máa jẹ ara rẹ̀ nínú. Nítorí náà ẹnjiníà kan ní láti jókòó tún gbogbo ìṣirò yẹn ṣe. Páìpù gbígbóná a máa nà bíi rọ́bà; ẹlòmíràn ní láti tún ṣírò bí yóò ṣe nà àti ibi tí a ó ti gbé e ró.

Wáyà iná tí a ti gé kò tó mọ́. Níbi tí gáàsì lè kó jọ sí, kì í ṣe gbogbo wáyà ni èèyàn lè so pọ̀ bó ṣe wù ú, irú wáyà yẹn kò sì sí ní Alábà. Òkè òkun la ti tún béèrè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan rántí pé ibi gbogbo tó bá yí pọ́ńpù ká ni a ń kà sí ibi tí iná lè ti gbá gáàsì mú. Tí pọ́ńpù bá sún, ibi eléwu náà sún. Àtùpà méjì tó wà lójú ọ̀nà tẹ́lẹ̀ wá bọ́ sínú rẹ̀, wọn kì í sì í ṣe irú àtùpà tí wọ́n fi ń sí ibẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ewu wò tún jókòó lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo ibi tí wọ́n jó pọ̀ lára páìpù ni wọ́n ní láti ya fọ́tò inú rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á wọlé. Àwòrán iṣẹ́ mọ́kàndínlógún ló yí padà.

Ọ̀sẹ̀ méje gbáko. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ tí a wá jókòó láti yanjú owó, ọ̀gá tó ní ká sún un ti ṣí lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹni tó gba ipò rẹ̀ jẹ́ ọmọlúàbí, ó gbọ́ gbogbo àlàyé mi, ó sì béèrè ohun kan ṣoṣo: ìwé dà? Ilé iṣẹ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ náà sọ pé ohun tí oníṣẹ́ kò bá san fún wa, a kò lè san án fún ẹni tó wà lábẹ́ wa. Èmi ni mo kọ lẹ́tà tó sọ bẹ́ẹ̀ fún alàgbà yẹn. Mo ti gbọ́ nígbà náà pé ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ láti fi san owó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo ṣì fọwọ́ sí lẹ́tà náà.

Nílé wa níbí, tí wọ́n bá ní owó iṣẹ́ kan ti wú, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé wọ́n ti jí i kó. N kò sọ pé olè kò sí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, ìdákẹ́jẹ́ ni mo rí tó ń jẹ owó jù. Ẹnì kan mọ̀ ní oṣù Kẹta pé nǹkan ti yí, kò sọ ọ́ títí di oṣù Kẹsàn-án. Ní oṣù Kẹta, pẹ́ńsù àti ìpàrẹ́ ni a fi ń tún un ṣe. Ní oṣù Kẹsàn-án, òòlù ni. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ìdákẹ́jẹ́ náà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ilẹ̀, láti orí iye àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò owó iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní AACE ní òdiwọ̀n kan tí gbogbo wa ń lò. Nígbà tí iṣẹ́ bá ṣì jẹ́ èrò, tí àwòrán rẹ̀ kò tíì ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ, òdiwọ̀n náà gbà pé iye gidi lè tó ìdajì ohun tí a sọ, ó sì lè di ìlọ́po méjì rẹ̀. Ìyẹn ni pé tí mo bá sọ pé bílíọ̀nù kan, ohun tí mò ń sọ gan-an ni pé ó wà láàárín ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mílíọ̀nù sí bílíọ̀nù méjì. Àmọ́ kò sí mínísítà tàbí báńkì tó fẹ́ gbọ́ gbólóhùn gígùn báyẹn. Bílíọ̀nù kan ni wọ́n máa gbé, òun náà ni ìwé ìròyìn máa gbé, òun ni wọ́n sì máa fi dá wa lẹ́jọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Ẹ wo ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote. Ní 2013, nǹkan bíi bílíọ̀nù 9 dọ́là ni gbogbo ayé gbọ́. Olokola, ní ààlà ìpínlẹ̀ Ògùn àti Oǹdó, ni wọ́n ní yóò wà, yóò máa fọ àgbá 400,000 lójúmọ́, yóò sì parí ní 2016. Kò wà ní Olokola. Wọ́n gbé e lọ sí Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, agbára rẹ̀ di àgbá 650,000, ilẹ̀ ibẹ̀ sì rọ̀ débi pé wọ́n wa yanrìn mítà oníhà mẹ́ta mílíọ̀nù 65 láti inú òkun kó tó ṣeé tẹ̀. Ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2023 ni Ààrẹ Buhari ṣí i. Epo dísù jáde ní oṣù Kìíní 2024, epo bẹntiróò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà. Owó rẹ̀ ti tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 20 dọ́là.

Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń fi mẹ́sàn-án àti ogún yìí ṣe àpẹẹrẹ àṣìṣe. N kò rò pé ó tọ́ láti gbé méjèèjì ka orí òṣùwọ̀n kan. Ilé yàrá mẹ́ta ní Ọ̀tà kọ́ ni a ń fi wé ilé alájà mẹ́ta ní Lẹ́kí. Láti 400,000 dé 650,000 kì í ṣe kí owó wú. Iṣẹ́ mìíràn ni. Ohun tí mo máa béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wà nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ yí padà, ṣé ẹ gbé iye àtijọ́ tì, kí ẹ sì kọ òmíràn sókè kí gbogbo ayé lè rí i? Tí wọ́n bá ṣe é, ìpinnu ni. Yanrìn, ní tirẹ̀, kò jọ agbára. Kò fi àgbá epo kan kún ohun tó ń jáde. Ilẹ̀ ló bèèrè rẹ̀, ilẹ̀ sì ni ohun tó yẹ kí èèyàn mọ̀ kó tó sọ iye.

Ilẹ̀ ni mo tún rí nínú ìtàn Escravos. Ní etí òkun àwọn Itsekiri, tí èdè wọn bá tiwa tan, Chevron àti NNPC pinnu láti kọ́ ilé iṣẹ́ tí yóò máa sọ gáàsì di dísù, nǹkan bí àgbá 33,000 lójúmọ́. Èrò tó dára gan-an ni. Gáàsì tí à ń fi iná sun lófìfo fún ọ̀pọ̀ ọdún yóò di ohun tí ọkọ̀ ń mu. Wọ́n fún àwọn agbaṣẹ́ṣe níṣẹ́ ní 2005 ní bíi bílíọ̀nù 1.7 dọ́là. Nígbà tó fi máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, ó ti tó bílíọ̀nù 10.

Ohun tó máa ń dùn mí nínú rẹ̀ ni pé ó ní ẹ̀gbọ́n ní Qatar, Oryx ni orúkọ rẹ̀. Ìmọ̀ kan náà ni, ti Sasol, ilé iṣẹ́ South Africa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà, wọ́n ṣí i ní 2006 ní nǹkan bíi bílíọ̀nù kan. Ìmọ̀ kan náà, ilẹ̀ ọ̀tọ̀. Ti Qatar wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, níbi tí títì, iná àti èbúté ti ń dúró dè é. Ti Escravos, omi ni gbogbo ẹrù gbà débẹ̀. Ìjà Niger Delta ń gbóná lákòókò náà, iye irin ń fò sókè káàkiri ayé, àbàtà sì ń gbé ohunkóhun tí wọ́n bá gbé kà á mì. Iye kan pàtó tí kì í yí padà ni àdéhùn àkọ́kọ́ wà lé. Nígbà tó yá, wọ́n yí i padà sí èyí tí oníṣẹ́ ń san ohunkóhun tó bá náni. Lójú tèmi, àyípadà yẹn ló sọ gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ tí agbaṣẹ́ṣe kò bá lè gbé ewu iṣẹ́ mọ́, inú àpò oníṣẹ́ ni ewu náà ń padà sí, ìdá kan nínú mẹ́rin iṣẹ́ Escravos sì jẹ́ ti NNPC, ìyẹn àwa.

Àwa. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ní Yorùbá. Nínú àdéhùn tí ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè fọwọ́ sí ní 1993 lórí epo inú ibú òkun, ilé iṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ gbé owó kalẹ̀. Tí epo bá jáde, wọ́n á yọ ẹ̀tọ́ ìjọba lórí epo, lẹ́yìn náà wọ́n á yọ ohun tí wọ́n ná, wọ́n á yọ owó orí, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó pín èrè. Gbogbo pọ́ńpù tí a bá sún lẹ́ẹ̀mejì nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ná. Ó ń jáde nínú epo wa kí epo tó di tiwa. Ẹni tó ń ta ata ní Bódìjà kò mọ̀ pé òun náà dá sí owó fífọ́ ìpìlẹ̀ kan létí omi ní Delta.

Kì í ṣe owó nìkan náà ló máa ń bá a lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nílé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Flixborough, ọ̀kan nínú àwọn ìkòkò ńlá mẹ́fà tí kẹ́míkà ń gbà kọjá ya ní 1974. Wọ́n yọ karùn-ún kúrò, wọ́n fi páìpù so ẹ̀kẹrin mọ́ ẹ̀kẹfà kí iṣẹ́ má baà dúró. Kò sí àwòrán fún páìpù náà àfi èyí tí wọ́n fi ẹfun yà sórí ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń jó irin. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, páìpù náà já, ibẹ̀ gbiná, èèyàn 28 kú. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Ká ní ọjọ́ iṣẹ́ ni, àwọn ọ́fíìsì ì bá kún fún èèyàn. Mo máa ń rántí ẹfun yẹn. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó mú un lọ́wọ́ rò pé òun ń ran iṣẹ́ lọ́wọ́ ni, bí èmi náà ṣe rò nígbà tí mo ní, "Ó ti yé mi, sà."

Kí ló dé tí mo fi ní bẹ́ẹ̀? Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n tọ́ mi pé tí àgbà bá sọ̀rọ̀, n kò gbọdọ̀ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dà bíi pé mo pè é ní òpùrọ́. Alàgbà Ìlàjẹ yẹn náà, nítorí pé mo kúnlẹ̀ kí i, ojú ń tì í láti bi mí ní ìwé. A bọ̀wọ̀ fún ara wa débi tí gbogbo wa fi dákẹ́. Ọjọ́ pẹ́ kí n tó rí i pé ọ̀wọ̀ tòótọ́ fún un ì bá jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Àdéhùn FIDIC, ìyẹn ti ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà àgbáyé, tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ń lò fún agbaṣẹ́ṣe ní ọjọ́ 28 láti fi tó oníṣẹ́ létí pé nǹkan ti fẹ́ ná òun ní owó tàbí àkókò. Tí ọjọ́ 28 bá kọjá, ẹ̀tọ́ rẹ̀ lè bá a lọ. Èmi mọ òfin yẹn. Bàbá náà kò mọ̀ ọ́n. Mo jẹ́ kí ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni ń wo aago.

Owó lè má wú o. Egina jẹ́rìí sí i. Iṣẹ́ epo inú ibú òkun ni, Total ló ń darí rẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá kan tó gùn tó mítà 330 tí yóò máa gba epo láti ìsàlẹ̀ òkun. Ní oṣù Kìíní 2018, ọkọ̀ náà wọ Èkó láti Kòríà kí wọ́n lè parí rẹ̀ níbí, epo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá. Total kéde pé iye tó ná dín ní fẹ́rẹ̀ẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sí ohun tí wọ́n yà sọ́tọ̀, ó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là tí wọ́n fi pamọ́, pàápàá nítorí pé àkókò tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga kọ̀ọ̀kan fi ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún dín. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo kà á. Ẹnì kan níbẹ̀ ń mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí kànga àkọ́kọ́ kí wọ́n tó gbẹ́ ìkejì.

Ní tèmi, ohun tí mò ń ṣe báyìí kéré. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ ọ́fíìsì mi tó ní ká sún nǹkan, mo ní bébà kan lórí tábìlì. Ìlà mẹ́rin ni: ohun tí ẹ fẹ́, ẹni tó fẹ́ ẹ, ohun tó máa kàn, ìgbà wo la máa mọ iye rẹ̀. Mi ò bèèrè iye lójú ẹsẹ̀, torí iye tí wọ́n bá sọ lójú ẹsẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti wà nínú ímeèlì, ẹni tó wà lábẹ́ wa sì ti ní ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ọ̀gá kan ti bínú sí mi nítorí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí wọ́n bá rí ìlà kẹta, á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà."

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ sí Ìgbókòdá lọ wá bàbá yẹn. Mo ti ń gbèrò rẹ̀ tipẹ́, ìtìjú ni kò jẹ́. Mo bá a níwájú ilé rẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Kò kọ́kọ́ dá mi mọ̀. Nígbà tí mo sọ orúkọ ibi tí a ti jọ ṣiṣẹ́, ó ní, "Háà, ọmọ mi," ó sì ní kí wọ́n gbé omi wá. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Ó ní kí n dìde, pé òun ti san gbèsè náà tán, pé ọdún mẹ́rin ló gbà òun.

Lẹ́yìn náà ló rán ọmọ ọmọ rẹ̀ sínú yàrá. Ọmọ náà gbé ìwé àjákọ kan jáde, irú èyí tí ọmọ iléèwé ń lò, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ́n. Bàbá ṣí i fún mi. Pẹ́ńsù ló fi kọ ọ́, ní Yorùbá, ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìlà tirẹ̀. *Ẹtì. Wọ́n ní ká sún pọ́ńpù. Ènìyàn mẹ́fà dúró. Àbámẹ́ta. A fọ́ kọnkéré. Ènìyàn mẹ́jọ, wákàtí mẹ́wàá. Ajé. Ọkọ̀ òpó kò dé. Ènìyàn mọ́kànlá jókòó lásán.* Gbogbo ọ̀sẹ̀ méje ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ àti iye epo tí ẹ̀rọ jẹ.

Mo ní, "Bàbá, n kò mọ̀ pé ẹ ń kọ ọ́."

Ó ní, "O ò bi mí."

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n kà á tán. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì padà sí ojú ewé àkọ́kọ́.